Ọ̀sẹ̀ Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ìyá mi ká aṣọ ibùsùn igba ó lé mọ́kànlá. Nígbà tí ó fẹ́ ká èyí tó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ó gbé aṣọ tí kò tíì ká lé ẹsẹ̀, ó sì ń wo àwọn ẹ̀rọ tó ń yí. Kò sí ẹni tó tì í. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń dúró lórí sìmẹ́ńtì ibẹ̀, orúnkún kì í sì í ṣe irin.

Dókítà tẹ ibẹ̀ wò, ó ní kí ó na ẹsẹ̀, kí ó ká a. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, mi ò ní oògùn tí mo fẹ́ kọ fún yín. Ẹ lọ jókòó."

"Níbo?"

"Níbikíbi tí kò bá ti sí aṣọ."

Ọ̀gá ilé ìfọṣọ fún un ní ìsinmi ọjọ́ méje ní ìparí oṣù, láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi gbé ìwé náà wálé, ó fi ago tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Òkun."

Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òkun. Kí bàbá mi tó fẹ́ ẹ ló ti sọ fún un pé, "Màá mú ọ dé etí òkun. A ó jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀." Ìlérí yẹn ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìlérí náà, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, àwa méjèèjì ni kò sì tíì ríṣẹ́ ṣe.

Tíṣà ni bàbá mi. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ni, ìṣirò ló ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé e dé ipò náà ni táìmù-tébù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é: olùkọ́ méjìlélógójì, kíláàsì méjìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pàdé ẹnikẹ́ni níbi tí kò yẹ. Ó ní pátákó kan tí ó máa ń gbé lé orí tábìlì ìjẹun, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mẹ́rin, rúlà onírin kan tí etí rẹ̀ ti ń dán bí ọ̀bẹ, àti òkìtì fọ́ọ̀mù ilé-ìwé tí wọ́n ti tẹ ìlà sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Àkókò-ti-tó. Ó rò pé oríkì ni.

Ilé ìwẹ̀ wa ní táìmù-tébù. Ìyá mi ló ni píríọ́dù àkọ́kọ́, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Èmi ni mo wà lẹ́yìn gbogbo èèyàn láti ìgbà tí mo ti parí yunifásítì, nítorí, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́, kò sí ibi tí mo ń lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, ilé-ìwé ra ètò kọ̀ǹpútà kan. Táìmù-tébù tí bàbá mi máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, ẹ̀rọ náà ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀gá ní kí bàbá mi wá bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ọjọ́ méjì wá àṣìṣe níbẹ̀, kò rí. Ó wálé, ó gbé pátákó rẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi dárúkọ òkun, ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tí wọ́n dá padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ ohun tó ṣe é. Mo lóye rẹ̀ dáadáa. Ìlóye kì í ṣe ìdáríjì.

"Òkun nìkan?" Ó ti ń fa pátákó jáde. "A ó gba àárín ìlú ńlá kọjá, a ó wá máa ṣe bí ẹni tí kò rí i?"

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ wò níbẹ̀, Tíṣà."

"O ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ jókòó ni."

"O máa jókòó. Ìjókòó máa wà nínú rẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi ṣe ètò náà. Ó fi tẹlifóònù pe ilé ohun àtijọ́ láti bi wọ́n pé yàrá mélòó ni wọ́n ní, àti pé ìlẹ̀kùn wo ni èèyàn ń bá jáde. Ó ní kí n gbé báàgì méjì láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, ó fi aago wò mí, ó ní kí n padà, kí n tún un gbé, nítorí mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń wò. Nínú ìwé ètò náà, ipò mi ni Ẹlẹ́rù. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì.

Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé méjì ló lò, ó fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìlú wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún. Ọjọ́ méjì ní ìlú, ọjọ́ mẹ́ta létí òkun, píríọ́dù mẹ́jọ lójúmọ́, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba yàrá sílẹ̀ ní ibi méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta awò ojú, wá mú awò ìyá mi tí apá rẹ̀ ṣẹ́, kí ó lè lọ tún un ṣe. Ó bá ìwé náà lórí tábìlì, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Àna mi, ìgbafẹ́ rèé àbí ìdánwò àṣekágbá?"

"Ètò ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kò bá ní ètò, rúkèrúdò ni."

"'Òkun, apá kìíní. Ìsinmi ráńpẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Òkun, apá kejì.'" Ó gbójú sókè. "Kí ni wọ́n fẹ́ sinmi kúrò nídìí rẹ̀ láàárín òkun méjèèjì?"

"Ojú lè rẹ̀ wọ́n."

"Àbúrò mi, ṣé o gbọ́? Tí agogo bá ti lù, kí o yáa jáde nínú omi, kí o lọ tò sórí ìlà."

Ìyá mi ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi gbígbóná. Láìsí awò, ìwé náà kò ju àwọ̀ mẹ́rin lọ lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi bi wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ yẹn, níbo ni ìjókòó wà?"

Bàbá mi fi rúlà tọ́ka. "Ọjọ́ kẹrin, píríọ́dù kẹfà."

"Ogójì ìṣẹ́jú?"

"Ó lè gùn díẹ̀ tí a bá tètè jẹun."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ká awò náà sínú báàgì. "Mo wí nígbà náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ọkọ onírúlà, kó má retí àga. Bàbá wa ní ẹnu mi ń rùn."

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé ìwé náà fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi wákàtí kan yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí ibì kan tí ó ti kọ aago méjì dípò aago mẹ́ta, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó lábẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Mo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́ ló rí. Mo dá a padà, mo ní ó péye.

Ní Ọjọ́bọ̀, a dé ìlú ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ilé àlejò wa jẹ́ ilé alájà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, a sì wà lájà kejì: bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, àga kan tí wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, fèrèsé kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó. Kí n tó gbé báàgì sílẹ̀, ìyá mi ti fa aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́.

"Ẹni tó tẹ́ èyí, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Ó tún un tẹ́, ó ṣẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń ṣẹ́ àpò ìwé. Onílé àlejò gbé táwẹ́ẹ̀lì wọlé, ó dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni ò gbádùn."

"Ẹ má bínú kẹ̀? Ìyá, ẹ wá bá mi ṣe yàrá kẹrin náà."

Eré ló ń ṣe. Ìyá mi ti dìde. Èmi ni mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

Bàbá mi gbé agogo ọwọ́ kan dání, agogo ilé-ìwé tí wọ́n ti pa tì. Ó lù ú nínú yàrá, a jáde. Píríọ́dù kejì ni ilé aago: ilé gíga kan láàárín ọjà, àtẹ̀gùn ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́fà. Ìyá mi gbójú sókè wò ó, ó wò ó títí.

"Tíṣà, ẹ bá mi kí wọn lókè."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Bàbá mi ní ìyẹn kò sí nínú ètò, pé àwọn èèyàn fẹ́ kọjá. Òun nìkan ló gòkè lọ. Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú pé, ó na ọwọ́ jáde lókè lọ́hùn-ún, ó lu agogo kí a lè mọ̀ pé píríọ́dù ti parí. Gbogbo ọjà dúró. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré gòkè. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ni agogo wà.

"Bàbá, ẹ máa gbà á tí ẹ bá ń fi ìlú sílẹ̀."

"Ṣé o mọ ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó lu agogo ni, sà."

Ilé ohun àtijọ́ ní yàrá méje. A fi ogójì ìṣẹ́jú wò ó. Ní yàrá karùn-ún, wọ́n fi okùn yí bẹ́ǹṣì onígi kan ká, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi dúró níwájú bẹ́ǹṣì náà, ó ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ olóúnjẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì, a wo ilé ìkàwé, afárá méjì, àti ilé ìfìwéránṣẹ́ tí bàbá mi ní iṣẹ́ ọnà wà lójú òrùlé rẹ̀. Nígbà tí a fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, orúnkún ìyá mi ti wú tó orí ọmọ tuntun. Ó nà án sórí ìrọ̀rí.

"Kò burú. Lọ́la, òkun."

Bàbá mi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. "Ètò ló máa sọ," ó wí, kò sì gbójú wò ó.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé àlejò kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Àwọn tó fẹ́ wọ yàrá yìí ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá."

"Rárá, màdáámù," bàbá mi dáhùn. "A ò tíì lọ."

"Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì lẹ gbà, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ sì ní kí n tún un kà fún yín."

Bàbá mi gbé ìwé ètò rẹ̀ wá pẹ̀lú sùúrù olùkọ́ tó fẹ́ dójú ti akẹ́kọ̀ọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ ọ́: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ibi tí sẹ̀lótéèpù wà, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ó tún un tọ̀. Ó gbójú sókè.

"Bàbá, òní ni Sátidé. Sátidé dà?"

Lódìkejì títì, ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó ń fi súfèé ṣeré. Bàbá mi yí ìwé náà wò lẹ́yìn, bí ẹni pé Sátidé lè wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀, bàbá mi sì máa ń sùn di ọ̀sán lọ́jọ́ méjì tó kù. Yàrá etí òkun ń dúró dè wá ní ọjọ́ Ajé. Láàárín ìlú àti òkun, a ní ọjọ́ méjì tí kò ní òrùlé lórí.

"Sátidé," bàbá mi wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì le, "kì í sí nínú táìmù-tébù."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba inú imú ìyá mi jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò dúró. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di àga elẹ́sẹ̀-aṣọ mú.

"Sátidé wà o, Tíṣà. Mo mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń bá a pàdé níbi iṣẹ́. Òun àti Sọ́ńdè. Àwọn méjèèjì wà láàyè, ara wọn le."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. A lè padà sílé, kí a tún wá ní Ajé. Tàbí kí a tún ilé ohun àtijọ́ wò, a yára jù ní yàrá kẹta…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́ méjì yìí, ṣé ó wà nínú ìwé yín?"

"Mo ti ń sọ fún ọ pé…"

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Ó dáa. Tèmi ni."

Ó yíjú sí onílé àlejò. "Ẹ̀yin ìyá, níbo la ti ń wọ ọkọ̀ etí òkun?"

"Ìsàlẹ̀ ibí náà ni. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé."

"Aago mélòó ló ń gbéra?" Bàbá mi ló bèèrè.

"Tó bá ti kún."

"Mo ní aago mélòó."

"Bàbá, tó bá ti kún."

Mo rí i tí èyí wọ̀ ọ́ lára ju Sátidé lọ. Ó ní kí ìyá mi ní sùúrù, kí òun fi ìlà méjì kún un, pé kò ní pẹ́. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó mú rúlà. "Ọ̀mọ̀wé, bá mi di etí rẹ̀ kejì mú." Èmi ni Ọ̀mọ̀wé, ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí ó bá fẹ́ kí n ṣe ohun tí kò gba ẹ̀kọ́. Kí ó tó fa ìlà àkọ́kọ́, ìyá mi ti gbé báàgì kan ṣoṣo, báàgì tirẹ̀, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ó di irin mú. Mo fi rúlà sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, èyí nìkan ló péye.

Bọ́ọ̀sì náà ń gba èèyàn méjìdínlógún. Ó ku mẹ́ta.

"Ìyá, ẹ̀yin mélòó?" awakọ̀ bèèrè.

"Èmi nìkan. Eléyìí kàn ń tẹ̀ lé mi ni."

A jókòó sẹ́yìn awakọ̀. Ó ku ẹnì kan. Ẹni náà kò wá. Oòrùn gba gíláàsì wọlé, obìnrin kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀, ọkùnrin alámùrè kan ń bú ẹni tí kò tíì wá, ó bú ìyá rẹ̀, ó bú ilé-ìwé tó lọ. Ìyá mi kò wo ẹ̀yìn. Ó fi báàgì lé itan, ó ń wo iwájú bí ẹni tí ọkọ̀ ti gbéra tipẹ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, bàbá mi yọ ní kọ̀rọ̀ ilé àlejò. Ó ń sáré. Báàgì méjì wà ní èjìká rẹ̀, rúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìwé.

"Àbí ìwọ la ń dúró dè láti àárọ̀?" ọkùnrin alámùrè pariwo. "Ẹ wo àgbàlagbà! Ṣé o ò ní aago ni?"

"Àwọn tó ń pẹ́ báyìí ni wọ́n ń ba ìlú jẹ́," obìnrin oníwèé-ìròyìn fi kún un.

Bàbá mi ti mú akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú méjì rí. Mo mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn. Ó tẹrí ba kọjá láàárín wọn, ó ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, títí tó fi dé ìjókòó tó kù, èyí tó wà lórí táyà lẹ́yìn pátápátá, tí orúnkún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fi ń kan àgbọ̀n. Ọkọ̀ kún. Ọkọ̀ gbéra.

A dé etí òkun ní ọ̀sán. Ìyá mi bọ́ bàtà. Ẹnì kan tó ń ta omi tútù gbé àga rọ́bà kan fún un láìjẹ́ pé ó tọrọ rẹ̀, ó sì jókòó. Kò ṣe nǹkan kan. Kò kó sí omi, kò ya fọ́tò, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Bàbá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo aago, ó wá ìwé tí yóò kọ ọ́ sí, kò rí. Ó jókòó sórí iyanrìn nígbà tó yá, ó na ẹsẹ̀. Ó tó wákàtí méjì kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Ó ń tẹ́ ara rẹ̀, ó tún ń ká ara rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni kó wá ran òun lọ́wọ́."

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Olómi tútù júwe yàrá kan fún wa fún ọjọ́ méjì náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ètò náà gbà.

Ní ọjọ́ Ajé, a kó lọ sí yàrá tí ètò gbà. Ìyá mi tún gbé àga rẹ̀ padà síbi tó ti wà, bàbá mi kò sì ní ìwé tí yóò fi dá a dúró: onílé àlejò tó wà ní ìlú ti fi í di gíláàsì fèrèsé kan tó sán. A rí i níbẹ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Sátidé kò sí nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ. Wọ́n ti fún un ní àga gíga kan. Bàbá mi ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun mú ìyàwó òun lọ sí òkun bí òun ṣe ṣèlérí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò mú un lọ. Ìyá mi lọ, bàbá mi sì pẹ́.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ẹnì kan wà nínú ilé rẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé nígbà tí o bá ń sùn. Má ṣe sọ fún mi pé o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dìde, lọ bi í léèrè ibi tó fẹ́ lọ, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn tán. Fi rúlà sílẹ̀ kí o tó wọlé.